Ẹ̀rí Ọkàn Dókítà Kò Jẹ́ Ìpè

Ẹjọ́ tó wọ ààfin ìlú wa, Kikwem, lánàá, ká ní ẹlòmíràn ló sọ ọ́ fún mi ni, màá ní irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe. Èmi ni akéde Fón, ọba wa. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń lu agogo ẹlẹ́nu méjì káàkiri orí òkè wọ̀nyí. Mo ti kéde ikú, mo ti kéde ewúrẹ́ tó sọnù, mo ti kéde fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n má gbé ọkọ́ lọ sóko lọ́jọ́ ìsinmi ilẹ̀. Èyí tí Fón gbé lé mi lọ́wọ́ lánàá, n kò kéde irú rẹ̀ rí.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni Kernyuy wọlé, ọmọ oṣù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, àpò ńlá kan ní ọwọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu bí a ṣe ń bá Fón sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀, Bamnjo, lọ jókòó sí igun. Lẹ́yìn wọn ni Dókítà Onambele wọlé pẹ̀lú Màdáámù Clotilde, ìyàwó rẹ̀. Dókítà lọ tààrà síwájú ìtẹ́, ó na ọwọ́ pé kí Fón bọ òun lọ́wọ́. Ọdún mẹ́fà ló ti wà lọ́dọ̀ wa, kò tíì mọ̀ pé a kì í bọ Fón lọ́wọ́. Fón ń wo ọwọ́ náà títí ọwọ́ náà fi padà sílé fúnra rẹ̀.

"Kernyuy, sọ tẹnu rẹ," ni Fón wí.

"Kábíyèsí, mo wá fẹjọ́ dókítà sùn. Òun ló fún mi lọ́mọ tó wà lẹ́yìn mi yìí."

Bamnjo fò sókè. "Kí lo wí?"

"Jókòó jàre. Mo ní òun ló fún mi, n kò ní òun ló ṣe é. Ìwọ lo ṣe é."

Bamnjo jókòó. Fai Mbinkar, tó jẹ́ àgbà nínú ìgbìmọ̀ Fón, tẹ́ etí. Bàbá yìí fẹ́ràn ẹjọ́ ju oúnjẹ lọ.

"Ọmọ mélòó lo ti bí?" ni Fai bi í.

"Mẹ́jọ, Bàbá. Nígbà tí mo bí ìkeje, ẹ̀jẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán sórí bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì Odilia ní kí n má tún dán an wò mọ́. Mo wá lọ bá dókítà pé kó fún mi ní abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí, èyí tí wọ́n ń gún ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Abẹ́rẹ́ náà wà níbẹ̀, Kábíyèsí. Mo ń rí i nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì. Ó ní rárá."

"Ó ní ó ti tán ni?"

"Ó ní kò tán. Ó ní ẹ̀rí ọkàn òun ni kò gbà."

"Kí ló wá ní kí o ṣe?"

"Ó ní kí n máa kà."

"Kí o máa ka kí ni?"

"Ọ̀sẹ̀, Kábíyèsí. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin ni ara obìnrin fi ń yí. Ọ̀sẹ̀ kìíní, kí n sún mọ́ ọkọ mi. Ọ̀sẹ̀ kejì, kí n sá fún un. Ìkẹta àti ìkẹrin, kí n padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Tó bá ti pé mẹ́rin, kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìkíní, kí n má da ara mi láàmú. Mo kà á bó ṣe wí. Oṣù kẹta kò tíì parí tí mo fi lóyún ẹni yìí."

Ó yí ẹ̀yìn sí ìgbìmọ̀ kí wọ́n lè rí ohun tó fi ṣe ẹ̀rí. Ohun tó fi ṣe ẹ̀rí ń sùn, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀.

"Ìbí rẹ̀ ńkọ́?" ni Fai bi í.

"Bàbá, lọ́jọ́ tí mo bí i, wọ́n ti ń wá aṣọ tí wọ́n máa fi bò mí. Wákàtí mẹ́rin ni Odilia fi ìkúùkù tẹ ilé ọmọ mi kí ẹ̀jẹ̀ tó dá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún padà lọ bá dókítà. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n lọ máa kà."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi, nítorí afárá odò ti wó láti ìgbà òjò, ilé ìwòsàn mìíràn tó sún mọ́ wa, ìrìn ọjọ́ méjì ni. Ọ̀kan ṣoṣo yìí la ní, Dókítà Onambele ló sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ bẹ́líìtì.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe fún ọ?" ni Fón bi í.

"Abẹ́rẹ́ ni, Kábíyèsí. N kò fẹ́ owó ìtanràn, n kò fẹ́ kó bẹ̀ mí. Mo fẹ́ tọ́ àwọn ọmọ mi dàgbà ni."

Fón yíjú. "Dókítà, o ti gbọ́."

"Mo gbọ́, Kábíyèsí. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo kọ̀ fún un."

"Ta ni?"

"Ẹ̀rí ọkàn mi ni. Ìyá yìí, mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò bá a jà. Ẹ̀sìn mi ló bá ẹ̀rí ọkàn mi sọ̀rọ̀, ẹ̀rí ọkàn mi ló bá ọwọ́ mi sọ̀rọ̀, ọwọ́ mi ò sì gbé e. Kò sí èyí tó bi mí nínú wọn."

"Nítorí náà ẹjọ́ yìí kì í ṣe tìrẹ, ti ẹ̀rí ọkàn rẹ ni?"

"Bí ẹ bá wò ó dáadáa, Kábíyèsí, bẹ́ẹ̀ ni."

"Akéde," ni Fón pè mí, "pe ẹ̀rí ọkàn dókítà wọlé kó wá rojọ́."

Iṣẹ́ ni iṣẹ́. Mo bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, mo lu agogo, mo ké e bí ẹni ń ké ọ̀rọ̀ ogun. "Ẹ̀rí ọkàn Dókítà Onambele o! Fón ń pè ọ́!" Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn tó ń lọ sọ́jà dúró wò mí. Ewúrẹ́ kan dá mi lóhùn lẹ́yìn ilé ìdáná àwọn olorì. Mo wò ó títí, kò sì tẹ̀lé mi wọlé.

"Kábíyèsí, kò jẹ́ ìpè."

"Ó dáa. Kí gbogbo yín jẹ́rìí sí i pé a pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Dókítà, ìwọ lo máa dúró fún un."

"Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ ńlá lèyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà."

"Ta ló ń ṣàwàdà níbí? Ìwọ lo ní kì í ṣe ìwọ."

Fai Mbinkar na ìka. "Ọmọ mi, jẹ́ kí n bi ọ́. Inú ta ni ẹ̀rí ọkàn yìí ń gbé?"

"Inú mi, Bàbá."

"Inú ta ni oyún máa ń wà?"

"Inú Kernyuy."

"Ẹ̀jẹ̀ ta ló ń dà?"

"Ti Kernyuy, Bàbá."

"Kí ló dé tí ẹ̀rí ọkàn tó wà nínú rẹ ò dúró sínú rẹ? Kí ló ń wá kiri nínú Kernyuy?"

Dókítà nu ojú. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ti ń tàn fún òógùn.

"Ẹ gbọ́ mi ná," ó ní. "Mi ò lé e lọ ní ọwọ́ òfo. Mo kọ́ ọ ní kíkà, kíkà yẹn sì ń ṣiṣẹ́! Ẹ wo ilé tèmi. Ọdún mẹ́fà tí a ti dé Kikwem, ìyàwó mi ò lóyún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kíkà ni, kò sí nǹkan mìíràn. Èmi ń kó ara mi níjàánu. Àwọn méjì yìí ni kò lè kó ara wọn níjàánu."

Gbogbo wa wo Màdáámù Clotilde. Màdáámù Clotilde bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè rẹ̀ wé.

Bamnjo ti dìde. "Èmi? Èmi ni mi ò kó ara mi níjàánu? Kábíyèsí, mo sá!"

"Sọ bí o ṣe sá fún wa."

"Gbogbo ọ̀sẹ̀ kejì, inú ahéré oko kọfí mi ni mò ń sùn. Ibẹ̀ ni mò ń jẹ, ibẹ̀ ni mò ń mu."

Fai wúkọ́. "Bamnjo, ṣé kì í ṣe ilé mi lo ti ń mu ẹmu ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ nígbà yẹn?"

"Ẹmu nìkan ni, Bàbá. Mo tún ń padà sí ahéré."

"Orin lo ń kọ lọ, ọ̀nà ilé rẹ lo sì máa ń gbà."

"Ọ̀nà ahéré ló gba iwájú ilé mi kọjá."

"O ya ilé àbí o ò ya ilé?"

"Mo ya láti jẹ fùfú àgbàdo."

"O ní ahéré lo ti ń jẹun!"

"Kò sí njama-njama ní ahéré, Bàbá. Ṣé ẹ̀yin lè jẹ fùfú láìsí ẹ̀fọ́? Kernyuy ló ń gbé abọ́ náà fún mi lójú fèrèsé. Kò ṣílẹ̀kùn fún mi!"

"Òótọ́ ló sọ," ni Kernyuy wí. "N kò ṣílẹ̀kùn. Ọjọ́ kan ló gbìyànjú ojú fèrèsé, ó sì há síbẹ̀. Àwọn ọmọ ló fà á jáde ní ẹsẹ̀."

"Ẹ gbọ́!" ni dókítà pariwo. "Ó gba ojú fèrèsé!"

"Híhá ni mo há! Mi ò wọlé! Ẹni tó há, ṣé ó wọlé ni?"

Ìgbìmọ̀ fi ọ̀rọ̀ yẹn jiyàn fún ìgbà díẹ̀. Àwọn kan ní ìdajì Bamnjo wọlé. Àwọn kan bi Kernyuy pé ìdajì wo ni. Nígbà tó ní orí ni, wọ́n dá Bamnjo láre.

"Kó fi bó ṣe kà á hàn wá," ni dókítà wí. "Ibẹ̀ la máa ti rí àṣírí."

Kernyuy ti múra sílẹ̀ fún èyí. Ó tú àpò rẹ̀, ó gbé abọ́ kékeré mẹ́rin kalẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, ó sì bu èso àgbàdo sí àtẹ́lẹwọ́. "Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Ilẹ̀ kan mọ́, mo ju ọ̀kan síbẹ̀. Ilẹ̀ kejì mọ́, mo ju èkejì." Ó ń jù ú, a sì ń bá a kà á. Ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, èje, ẹ̀jọ. "Ọ̀sẹ̀ kìíní pé." Ó sún lọ sí abọ́ kejì.

Dókítà fò kúrò lórí àga. "Dúró! Mélòó lo jù síbẹ̀?"

"Mẹ́jọ."

"Mẹ́jọ kẹ̀? Ta ló sọ fún ọ pé ọjọ́ mẹ́jọ ló wà nínú ọ̀sẹ̀?"

A ń wo ojú ara wa. Fón rọra bi í, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

"Ìwọ ní tìrẹ, mélòó lo rò pé ó wà nínú rẹ̀?"

"Méje ni, Kábíyèsí!"

"Láti ọjà Kikwem dé ọjà Kikwem, ọjọ́ mélòó ni?"

"Mi ò mọ̀."

"Mẹ́jọ ni. Méje wà, a mọ̀ ọ́n, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ilé ìwé ni. Ọjà, oko, ìgbéyàwó, òkú sísin, gbogbo ohun tó jẹ́ ti ilé àti ti ara, mẹ́jọ la fi ń kà á láti ìgbà tí àwọn baba mi ti ń jókòó síbí."

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó," ni Kernyuy wí. "Ọ̀rọ̀ èmi àti ọkọ mi, ṣé ọ̀rọ̀ ilé ìwé ni?"

Fai Mbinkar dìde tòun ti ọ̀pá rẹ̀. "Kí lo ń fi ìkẹjọ ṣe?"

"Bàbá, kò sí ìkẹjọ!"

"Ọjọ́ kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún ọdún mẹ́fà gbáko! Kábíyèsí, olè rèé! Ọjọ́ wa ló ń jí!"

Ó gba àsìkò kí a tó mú bàbá jókòó. Dókítà ní tirẹ̀ ti ń fi ìka ṣírò, ojú rẹ̀ sì ń mọ́lẹ̀ sí i. "Mo ti rí i! Oṣù kìíní, kíkà rẹ̀ bá ara rẹ̀ mu. Oṣù kejì, ó ti fi ọjọ́ mẹ́rin pẹ́. Nígbà tó máa fi bẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, ó ti fi ọjọ́ mẹ́jọ pẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó yẹ kó máa sá gan-an ló ń sún mọ́ ọkọ rẹ̀! Kábíyèsí, mo jàre. Òun ló ṣì í kà."

"Dókítà," ni Kernyuy wí, "nígbà tí mo wá bá yín, ẹ bi mí ní oúnjẹ tí mo jẹ. Ẹ bi mí ní ìgbà tí mo yàgbẹ́ gbẹ̀yìn. Ẹ bi mí bóyá ìyá ìyá mi ya wèrè rí. Ṣé ẹ bi mí pé ọ̀sẹ̀ wo ni mò ń kà?"

"Kò wá sí mi lọ́kàn."

"Èmi ló fẹ́ẹ̀ pa."

Fón ní kí Nọ́ọ̀sì Odilia jáde wá. Obìnrin kúkúrú tí ọwọ́ rẹ̀ le ni, òun ló gbẹ̀bí ìdajì àwọn ọmọdé ìlú yìí.

"Nọ́ọ̀sì, obìnrin mélòó ni dókítà kọ́ ní kíkà yìí?"

"Mọ́kànlélógún, Kábíyèsí."

"Mélòó ló lóyún?"

"Mọ́kàndínlógún."

"Àwọn méjì yòókù, kíkà ṣiṣẹ́ fún wọn?"

"Ọ̀kan ti kọjá ọmọ bíbí kó tó bẹ̀rẹ̀. Èkejì, ìlú Douala lọ́hùn-ún ni ọkọ rẹ̀ wà."

Ìyàwó tèmi wà nínú mọ́kàndínlógún yẹn. Mo tẹjú mọ́ agogo mi.

"Ẹ má gba ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yìí gbọ́!" ni dókítà ké. "Olè ni! Lọ́dọọdún ni abẹ́rẹ́ mẹ́rin ń dín nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Ọdún mẹ́fà, mẹ́rìnlélógún! Mo ti fẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá wa, wọ́n máa lé e lẹ́nu iṣẹ́ ni."

"Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?"

"Ọwọ́ mi. Ọ̀kan ṣoṣo ni, kì í kúrò lára bẹ́líìtì mi."

"Báwo ló ṣe wá ń ṣí i?"

"Àwọn obìnrin gbọ́n, Kábíyèsí."

Odilia kó ẹsẹ̀ jọ. "Mi ò mú ọ̀kan rí. Ká ní kọ́kọ́rọ́ yẹn bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni, ṣé mẹ́rin ló máa dín? Gbogbo rẹ̀ ni mo máa gún tán kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Bóyá eku ni," ni Fai wí.

"Bàbá, eku wo ló ń fètò sọ́mọ bíbí?" ni dókítà bi í.

"Èmi náà ń wá irú rẹ̀. Àwọn tó wà nílé mi ò ṣe é."

Fón fi ọwọ́ pe Odilia mọ́ra, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìtẹ́ ni mo dúró sí, mo gbọ́. "Oṣù mẹ́ta ni ìkọ̀ọ̀kan, o ní?" "Oṣù mẹ́ta, Kábíyèsí." "Ṣé o lè gbé e wá sí ààfin?" Olorì mẹ́tàlá ni Fón ní, ọmọ mọ́kànlélógójì. Nígbàkúùgbà tí ilé ìwé bá fẹ́ wọlé, orí máa ń fọ́ Fón fún ọjọ́ mẹ́jọ gbáko.

Fón jókòó tọ́. Ó gbé ọ̀pá àṣẹ sókè, gbogbo wa tẹrí ba.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́ mi. N kò ní fi ipá mú ẹ̀rí ọkàn ẹnikẹ́ni lórí ilẹ̀ yìí. Dókítà, ọwọ́ rẹ ò ní fara kan abẹ́rẹ́ tí ẹ̀sìn rẹ kọ̀."

Dókítà tẹrí ba, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kernyuy dijú. Mo rí omi tó ń bọ́ lójú rẹ̀.

"O ní kíkà tó èèyàn láti fi gbé ayé. Mo gbà fún ọ. Láti òní lọ, kíkà nìkan ni ìwọ àti ìyàwó rẹ máa fi gbé lọ́dọ̀ mi, ọ̀sẹ̀ ilẹ̀ mi sì ni, ọlọ́jọ́ mẹ́jọ. Kí àṣìṣe má baà sí, akéde mi yóò máa dúró sẹ́nu ọ̀nà yín ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Yóò lu agogo, yóò sì kéde rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò bóyá ọjọ́ sísún mọ́ ni dókítà wà tàbí ọjọ́ sísá. Oyún tó bá ti ibẹ̀ wá, ẹ̀yin lẹ kà á."

Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ tuntun ló dé yẹn. Ṣùgbọ́n dókítà pàtẹ́wọ́ fúnra rẹ̀.

"Mo fara mọ́ ọn, Kábíyèsí! Méje ni o, mẹ́jọ ni o, kíkà mi ò já mi kulẹ̀ rí."

"Èmi ò fara mọ́ ọn!"

Màdáámù Clotilde ló dìde. Ọdún mẹ́fà tó ti wà nílùú yìí, "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ káalẹ́" nìkan ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Clotilde, jókòó," ni dókítà wí.

"Bàbá Étienne, mi ò jókòó. Ẹ ní ẹ̀ ń kà. Ṣé ẹ ti kà á parí lẹ́ẹ̀kan rí?"

"Mò ń kà á! Gbogbo ìgbà ni mò ń kà á!"

"Oorun ló máa ń gbé yín lọ láàárín kíkà. Tí ẹ bá jí, ẹ máa ní ọjọ́ kẹta la wà. Gbogbo ọjọ́ ayé wa ni ọjọ́ kẹta! Kí a tó dé Kikwem, mo bí Étienne, mo bí àbúrò rẹ̀, ẹ sì ń kà nígbà náà náà. Àbúrò rẹ̀ ò tíì lè jókòó tí mo fi bojú wo ọjọ́ iwájú, ẹ̀rù bà mí."

Ó tú kókó etí ìró rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kékeré kan jáde níbẹ̀, ó gbé e sókè kí gbogbo ilé rí i.

"Mo tẹ tiyín sínú ọṣẹ nígbà tí ẹ̀ ń wẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ọjà ló rọ èyí fún mi. Tí ẹ bá ti lọ sí ìsìn àárọ̀, màá lọ síbẹ̀, màá mú ọ̀kan, màá fi gún ara mi ní itan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún. Ẹ má lé Odilia lẹ́nu iṣẹ́. Kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe eku."

Ohùn dókítà ti kéré bí ti ọmọdé. "Kíkà mi ńkọ́?"

"Kíkà yín ò ṣe nǹkan kan rí, Bàbá Étienne."

Màdáámù Clotilde yíjú sí Kernyuy. Ó wò ó, ó wo ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. "Ìyá, ẹ máa dárí jì mí. Ọjọ́ tí ẹ kúnlẹ̀ fún un, mo wà nínú yàrá kejì. Kọ́kọ́rọ́ yìí wà ní etí ìró mi, mi ò sì sọ̀rọ̀. Ìtìjú ni mo ń bò." Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì ń sunkún. Kernyuy gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì gbé e dìde.

Fai Mbinkar lu ọ̀pá mọ́lẹ̀. "Kábíyèsí! Ẹ̀rí ọkàn dókítà ti jẹ́ ìpè o!"

"Mo rí i," ni Fón wí. "Ó pẹ́ díẹ̀, gèlè ló ń wé. Ẹ jẹ́ kí n tún ìdájọ́ mi ṣe."

Gbogbo wa tún tẹrí ba.

"Àwọn kọ́kọ́rọ́ méjèèjì di ti Odilia láti ìsinsìnyí. Ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan ni yóò máa fún ẹni tó bá fẹ́ ní abẹ́rẹ́. Dókítà, ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, n kò yí i padà. Ọwọ́ rẹ ò ní fara kan abẹ́rẹ́. Ẹ̀sìn rẹ kọ̀ fún ọ láti gbé abẹ́rẹ́, ṣé ó kọ̀ fún ọ láti gbé ọmọ?"

"Rárá, Kábíyèsí."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Bí àwọn obìnrin bá ti wà nínú ilé lọ́dọ̀ Odilia, ìwọ yóò jókòó sórí bẹ́ńṣì níta, wàá sì máa gbé àwọn ọmọ tí o kà fún wọn. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n. Akéde mi yóò máa kéde rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ọjà pé dókítà ti jókòó, kí wọ́n gbé wọn wá."

"Títí di ìgbà wo, Kábíyèsí?"

"Títí èyí tó kéré jù nínú wọn yóò fi lè ka ẹyọ kan dé ẹ̀jọ fún ọ."

Kò sẹ́ni tó dúró de ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Kernyuy tú ọ̀já níbẹ̀ náà, ó gbé ọmọ lé dókítà lọ́wọ́, òun àti Odilia sì jáde. Ìyàwó mi, tí n kò mọ̀ pé ó dúró létí ògiri láti àárọ̀, gbé ọmọ wa kẹsàn-án lé e lọ́wọ́ kejì, kò tilẹ̀ wò mí. Mo tẹ̀lé wọn dé ilé ìwòsàn. Dókítà jókòó sórí bẹ́ńṣì, ọmọ lápá ọ̀tún, ọmọ lápá òsì. Ti Kernyuy ti tọ̀ sí i lára kí ilẹ̀kùn tó padé.

Kò pẹ́ ni ilẹ̀kùn ṣí. Kernyuy jáde, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra apá. Ó kàn jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sì mí, irú mímí tí èèyàn ń mí nígbà tó bá sọ ẹrù igi kalẹ̀. Ó jẹ́ kí dókítà gbé ọmọ náà fún ìgbà díẹ̀ sí i.

"Akéde," ni dókítà pè mí, ọmọ mi ń fa imú rẹ̀, "ọjọ́ mélòó ló kù kí ọjà tó ń bọ̀ tó pé?"

Mo ní òní gan-an ni ọjà, mẹ́jọ ló kù. Kò bá mi jiyàn.